Ace Cafe: Níbi Tí Alùpùpù Tuntun Ti Ń Wọ Aṣọ Àgbà

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú irin Bakerloo láti àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó tí wọ́n ń pè ní Stonebridge Park, kò níí rí ohunkóhun tí yóò mú un rò pé ibi ìgbafẹ́ ni òun dé. Ọ̀nà North Circular ni yóò kọ́kọ́ pàdé, ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń tò tẹ̀lé ara wọn láti òwúrọ̀ títí di òru. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá láìmọye ìgbà, bóyá nígbà tí wọ́n ń lọ sí òde ìyàwó tàbí ìsìn, láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà gan-an ni ilé oúnjẹ kan wà, onífèrèsé gíláàsì gbàǹgbà, tí àwọn olólùfẹ́ alùpùpù ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wò bí ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́. Ace Cafe ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jọ dé ibẹ̀ lónìí, nítorí alùpùpù tuntun kan tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn olólùfẹ́ yìí. Triumph Thruxton 400 ni wọ́n ń pè é. Tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrísí àwọn alùpùpù eré sísá ti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ àti ti àwọn tó ń bú u, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin àti táyà nìkan ni wọ́n ń sọ. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ogún: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti jẹ orúkọ àgbà?

Ilé tí ogun bà jẹ́

Ọdún 1938 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí Ace Cafe. Kì í ṣe nítorí alùpùpù, bí kò ṣe nítorí àwọn awakọ̀ tó ń gba ọ̀nà tuntun náà kọjá, tí wọ́n nílò tíì gbígbóná àti oúnjẹ tí ń yóni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àdó olóró tí wọ́n ń jù láti ojú ọ̀run ba ilé náà jẹ́. Ọdún 1949 ni wọ́n tó tún un kọ́. Tọ̀sán-tòru ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀, èyí ló sì sọ ọ́ di ibùdó àwọn ọ̀dọ́.

Ní àwọn ọdún 1950, owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì kọjá agbára wọn, ṣùgbọ́n apá wọn ká alùpùpù. Wọ́n á wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ dúdú, wọ́n á fi òróró sí irun, wọ́n á sì kóra jọ sí Ace láti gbọ́ orin rock 'n' roll nínú ẹ̀rọ orin tí a ń ju owó ẹyọ sí. Àwọn ni ayé wá mọ̀ sí Rockers. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù lọ nípa wọn ni pé ẹnìkan á ju owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ náà; bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, yóò fò gun alùpùpù rẹ̀, yóò sáré dé oríta kan tí wọ́n ti fẹnu kò sí, yóò sì padà wọlé kí orin náà tó tán. Ohun tí olúkúlùkù ń lépa ni 100 máìlì láàrin wákàtí kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí 160 kìlómítà.

Ìtàn yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Títí di oṣù Kejìlá ọdún 1965, kò sí òfin tó fi gbèdéke sí eré ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó wà lẹ́yìn òde ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1973 ni òfin sì tó sọ àṣíborí di dandan fún àwọn tó ń gun alùpùpù. Ọ̀dọ́ tó bá eré àsápajúdé lọ kò kéré. Àwọn ìwé ìròyìn sọ wọ́n di ọmọ burúkú, àwọn òbí sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin wọn pé kí wọ́n má sún mọ́ wọn. Ẹni tó wá wọn lọ ni àlùfáà kan, Bill Shergold. Ní ọdún 1962, òun fúnra rẹ̀ gun alùpùpù tirẹ̀ lọ sí Ace Cafe láti pe àwọn ọ̀dọ́ náà wá sí ìsìn. Ohun tí kò retí ni pé wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì wá. Ẹgbẹ́ tí ó kó wọn jọ sí, 59 Club, di ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ alùpùpù tó lókìkí jù lọ ní ayé.

Ní ọdún 1969, Ace Cafe kógbá sílé. Ilé náà di ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Mark Wilsmore, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ló pe àpéjọ ìrántí síbẹ̀ ní ọdún 1994, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì dáhùn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2001, ilé oúnjẹ náà ti tún ṣílẹ̀kùn pátápátá. Títí di òní, alùpùpù máa ń tò síwájú rẹ̀ bí ẹṣin níwájú ààfin lọ́jọ́ Ìléyá.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe

Ẹ má ṣe rò pé ilé iṣẹ́ kan ló dá irú alùpùpù tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Ace ló dá a sílẹ̀ nítorí pé wọn kò lówó. Ẹni tí kò lè ra alùpùpù ìdíje á ra èyí tí gbogbo ayé ń gùn lọ síbi iṣẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Á yọ gbogbo ohun tí kò wúlò kúrò kí ó lè fúyẹ́. Á yọ ọwọ́ ìdarí gíga kúrò, á fi èyí tó kúrú rọ́pò rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó lè dọ̀bálẹ̀ lé táǹkì epo, kí atẹ́gùn má baà dá a dúró. Á ti ibi ìtẹsẹ̀ sẹ́yìn, á sì fi ìjókòó ẹlẹ́nìkan rọ́pò ti ẹlẹ́ni méjì. Àwọn tó jẹ́ ògbójú jù á gbé ẹ́ńjìnnì Triumph sínú férémù Norton, nítorí ẹ́ńjìnnì ti àkọ́kọ́ lágbára, férémù ti èkejì sì máa ń dúró ṣinṣin ní kọ́nà. Triton ni wọ́n sọ ọmọ àdàlù yìí.

Orúkọ tí ayé fún irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ni "café racer", ẹni tó ń sáré láti ilé oúnjẹ dé ilé oúnjẹ. Àwọn tó ń tan ìtàn náà kálẹ̀ sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀: pé ọmọ tó ń díbọ́n bí eléré-ìje, tó sì jẹ́ pé tíì ló ń sáré lọ mu. Àwọn ọ̀dọ́ náà gba ẹ̀fẹ̀ ọ̀hún, wọ́n sì sọ ọ́ di oyè.

Ọmọ tuntun, orúkọ àgbà

Thruxton jẹ́ abúlé kan ní agbègbè Hampshire, níbi tí pápá ọkọ̀ òfuurufú ìgbà ogun ti di pápá ìdíje. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn eléré-ìje máa ń fi irú alùpùpù tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ìsọ̀ sáré 500 máìlì níbẹ̀. Alùpùpù Triumph ṣe dáadáa níbẹ̀ débi pé ilé iṣẹ́ náà sọ àkànṣe Bonneville kan ní orúkọ pápá ọ̀hún. Nígbà tí ó di ọdún 2004, Triumph tún jí orúkọ náà dìde lára alùpùpù onísílíńdà méjì. Èyí tó dé ní ọdún 2016 tóbi, ó lágbára, ó sì wọ́n. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2024, Triumph kéde pé ẹ̀dà ìkẹyìn Thruxton ńlá náà ni àwọn ń ṣe jáde.

Kí ọdún kan tó pé, orúkọ náà tún jáde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n ṣí ìbòjú lójú Thruxton 400 ní Íńdíà. Sílíńdà kan ṣoṣo ló ní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 398 sísì, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 42. Wọ́n gbé ìbòrí roboto bo iwájú rẹ̀ mọ́ iná kan ṣoṣo tó dà bí ojú. Dígí ìwẹ̀yìn rẹ̀ wà ní orí ọwọ́ ìdarí. Ìdí rẹ̀ sì ga sókè bíi ti alùpùpù ìdíje ìgbà àtijọ́. Ẹni tó bá wò ó láti ọ̀nà jíjìn yóò rò pé láti inú àwòrán 1965 ló ti jáde. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò rí bíréèkì tí kò jẹ́ kí táyà há àti iná ìgbàlódé tó ń tàn yanran.

Ohun tí àwọn olólùfẹ́ ń sọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Gbólóhùn yìí ni ẹ lè fi ṣe àkópọ̀ ẹ̀sùn àwọn tó ń bínú jù. Lójú wọn, Thruxton ni orúkọ onísílíńdà méjì, orúkọ tó ní ìró tirẹ̀ nínú sàláńsà, orúkọ tó ní 105 agbára ẹṣin nígbà tí ẹ̀dà RS rẹ̀ dé ní ọdún 2020. Láti gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún onísílíńdà kan tí agbára rẹ̀ kò tó ìdajì ìyẹn, wọ́n ní bí ẹni fi oyè Balógun jẹ ọmọ ọwọ́ ni. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Àwọn kejì kò bá orúkọ jà. Ìdúró rẹ̀ ni wọ́n ń ṣàròyé lé lórí. Ọwọ́ ìdarí tó wà nísàlẹ̀ yẹ ẹni tó ń sáré gan-an, nítorí atẹ́gùn tó ń lu àyà máa ń gbé ìwúwo kúrò lórí ọrùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìlú ńlá, gbogbo ìwúwo ara á rọ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹ̀yìn. Ìbéèrè tí àwọn wọ̀nyí ń bèèrè ni pé èrè wo ló wà nínú kí ènìyàn jìyà eléré-ìje láìrí eré rẹ̀. Wọ́n á tún tọ́ka sí Continental GT 650 tí Royal Enfield gbé jáde ní ọdún 2018, tí òun náà ní ìrísí àtijọ́, tí ó sì ní sílíńdà méjì.

Àwọn kẹta ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n ní ojú lásán kọ́ ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo ọ̀dọ́ tó fẹ́ gun alùpùpù. Ẹni ọdún 17 kò lè kọjá 125 sísì. Ẹni ọdún 19 lè yege ìdánwò ìwé àṣẹ A2, ṣùgbọ́n èyí tí agbára rẹ̀ kò kọjá 35 kìlówáàtì ló lè gùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ bọ́ sórí èyí tó wù ú tààrà gbọ́dọ̀ pé ọdún 24. Thruxton ńlá kò sí fún irú wọn, àfi kí wọ́n máa wò ó lẹ́yìn gíláàsì. Thruxton 400 jẹ́ Thruxton tí wọ́n lè gùn láìjẹ́ pé wọ́n rú òfin. Wọ́n tún ní agbára ẹṣin 42 tó láti rẹ́rìn-ín ní ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ ìgbèríko, níbi tí alùpùpù ńlá kò ti ráyè lo ìdá mẹ́rin agbára rẹ̀.

Ẹ̀sùn kan sì wà tí wọ́n máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ: pé kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i. Ilé iṣẹ́ Bajaj, nítòsí ìlú Pune ní Íńdíà, ló ń ṣe é lábẹ́ àdéhùn tí òun àti Triumph fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2020. Triumph ló ń ya àwòrán rẹ̀ tó sì ń la ọ̀nà rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ará Íńdíà ló ń tò ó pọ̀.

Bajaj tí a mọ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Orúkọ tó ń kọ àwọn kan lóminú ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ tí ọmọdé mọ̀ ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Àkúrẹ́ ni. Bajaj ló ń ṣe Boxer, alùpùpù tó gbé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé ìwé, tó gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru, tó sì gbé iṣu àti ògì dé ọjà ní ibi tí mọ́tò kò lè dé. Ọ̀kadà ni a sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, orúkọ tí a yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan. Ẹ ò rí i pé àwa náà mọ bí a ti í fi orúkọ ńlá sọ ohun kékeré!

Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí àdéhùn Triumph àti Bajaj ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń múra láti lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni òfin náà bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà ni, alùpùpù ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ní ìlú kan ó ń di ohun ìgbafẹ́, ní ìlú kejì ó ń di ohun tí ọlọ́pàá ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó. Kì í ṣe pé òfin náà kò ní ìdí, nítorí ẹni tó bá ti bẹ ilé ìwòsàn egungun wò mọ ohun tí ọ̀kadà ti ṣe fún ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó padà sílé lọ́jọ́ náà láìní iṣẹ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọ̀dọ́ Ace ti ọdún 1961. Ọ̀dọ́ ni àwọn méjèèjì, wọn kò lówó, àwùjọ ń fi ojú burúkú wò wọ́n, ikú sì ń ṣọ́ wọn lójú ọ̀nà.

Ẹ tún wo bí àwọn ọlọ́kadà wa ti ń ṣe. Wọ́n á na ìjókòó kí ó lè gba èrò sí i, wọ́n á jó irin ìkẹ́rù mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á gbé agboòrùn ńlá lé e lórí nígbà òjò, wọ́n á fi iná àwọ̀ mèremère ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á sì kọ àdúrà tàbí òwe sára rẹ̀. Ọmọ Ace yọ ohun tó pọ̀ jù kúrò kí ó lè yára, ọlọ́kadà fi ohun tó kù kún un kí ó lè jẹun. Ọgbọ́n kan náà ló bí méjèèjì, pé kí a fi ọwọ́ wa sọ ohun tí a rà di ohun tí a nílò.

Ta ló ni ogún?

Bí a bá fi èyí wo àríyànjiyàn Thruxton 400, mo gbà pé àwọn tó ń fi ibi ìbí dá a lẹ́jọ́ kò dúró lórí ilẹ̀ líle. Ọmọ Jámánì kan, Siegfried Bettmann, ló dá Triumph sílẹ̀, alùpùpù àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe ní Coventry lọ́dún 1902, ẹ́ńjìnnì ilẹ̀ Belgium ló gbé e. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Triumph ńlá tí a ń yìn, ilẹ̀ Thailand ni wọ́n ti ń tò wọ́n. Royal Enfield tí wọ́n fi ń dán an wò, Redditch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ti wó tipẹ́. Íńdíà ló gbà á tọ́, tí kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parun. Ẹni tó bá tọ́ ọmọ dàgbà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọmọ náà.

Ti ẹ̀sùn pé agbára rẹ̀ kéré, àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ Ace fúnra wọn ló dáhùn. Alùpùpù tó dá orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀ kò ju èyí lọ púpọ̀ ní agbára: Bonneville tí Triumph gbé jáde ní ọdún 1959, nǹkan bí ẹṣin 46 ni wọ́n ka agbára rẹ̀ sí. Àlejò tó ń sunkún orí 105 kò rántí bí ilé ti rí tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ lè rà ni òpó ilé Ace, a jẹ́ pé ọmọ Pune yìí sún mọ́ baba ńlá rẹ̀ ju Thruxton olówó gọbọi tó kógbá wọlé lọ.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn alátakò. Café racer tòótọ́ kì í ti inú páálí jáde. Ohun tó sọ Triton di àràbà ni òru tí olówó rẹ̀ lò lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó dúdú fún òróró, tó ń kọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Ẹni tó bá ra Thruxton 400 lówùúrọ̀ tó sì gùn ún dé Ace ní ọ̀sán ra ìrísí. Kò tíì ra ìtàn. Àmọ́ ìtàn kì í ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ ń tà. Bí ó bá tú u, tí ó tún un tò, tí ó fi í la òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ìtàn yóò dé.

Ohun tó yẹ kí ó ká àwọn àgbà ibẹ̀ lára ju orúkọ lọ ni irun funfun tó pọ̀ lábẹ́ àṣíborí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí kò bá sí alùpùpù tí ẹni ọdún 19 lè rà, tí òfin sì gbà á láyè láti gùn, ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní sí ẹni tí yóò jókòó ti tíì láti gbọ́ ìtàn àwọn tó sáré kí orin tó tán.

Bí ẹ bá dé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ yà síbẹ̀. Kò di dandan kí ẹ ní alùpùpù. Ẹsẹ̀ lásán tó láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ẹ ra tíì, ẹ dúró sí ìta níbi tí alùpùpù tò sí, ẹ wo ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà tún tirẹ̀ ṣe, ẹ sì bi olówó rẹ̀ léèrè; inú wọn máa ń dùn láti ṣàlàyé. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ gun tiyín wá, ẹ dé àṣíborí yín dáadáa, ẹ sì jẹ́ kí orin tán kí ẹ tó dé.